Orin Tí Ìjọ Kò Kọ

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ̀ẹ̀melòó ni à ń ka Àdúrà Olúwa lọ́sẹ̀? À ń kà á nílé, à ń kà á bí ìsìn bá parí, àwọn ọmọ wa pàápàá ti mọ̀ ọ́n sórí. Ọkùnrin kan wà tó sọ àdúrà yìí di orin fún àwọn alágbàṣe oko. Mo fẹ́ kí a gbọ́ ìtàn rẹ̀, nítorí ó kan àwa Pẹ́ńtíkọ́ọ̀stà gidigidi.

Víctor Jara ni orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Chílè ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Wọ́n bí i ní 1932. Bàbá rẹ̀ ń bá olówó ilẹ̀ ro oko. Ìyá rẹ̀, Amanda, a máa ta jìtá, a sì máa kọrin níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú. Ọ̀dọ̀ ìyá yìí ló ti kọ́ orin àwọn ará oko. Nígbà tí ìyá náà kú ní 1950, Víctor wọ ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà Kátólíìkì, ó sì lo nǹkan bí ọdún méjì níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló di olùdarí eré orí ìtàgé, kó tó wá gbájú mọ́ orin.

Ní oṣù kẹta 1969, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn lu àwọn tálákà tó pa àgọ́ sórí ilẹ̀ òfìfo ní ìlú Puerto Montt. Jara fi ikú wọn kọrin, ó sì dárúkọ mínísítà tó ni àṣẹ lórí ọlọ́pàá nínú orin náà. Lọ́dún yẹn kan náà, orin rẹ̀ tó bá Àdúrà Olúwa mu wà lára àwọn tó gba ipò kìíní níbi ìdíje ńlá kan ní Santiago. Nínú orin yẹn, bíbẹ̀bẹ̀ pé kí ìfẹ́ Ọlọ́run ṣẹ láyé di ìpè sí àgbẹ̀ pé kó dìde dúró.

Ní September 11, 1973, àwọn ológun fipá gba ìjọba. Wọ́n kó Jara pẹ̀lú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àti olùkọ́ ní yunifásítì, wọ́n sì tì wọ́n mọ́ gbọ̀ngàn eré ìdárayá kan. Wọ́n lù ú, wọ́n fọ́ ọwọ́ tó fi ń ta jìtá, wọ́n sì yìnbọn pa á. Ọta ìbọn tó wà lára rẹ̀ lé ní 40. Joan, ìyàwó rẹ̀, ló wá òkú rẹ̀ rí, tó sì sin ín láìsí èrò.

Ẹlòmíràn yóò ní, 'Ṣebí ọmọ ẹgbẹ́ Kọ́múníìsì ni?' Bẹ́ẹ̀ ni, n kò sì fi pamọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ará Samáríà. Àlùfáà àti ọmọ Léfì rí ẹni tó fara gbọgbẹ́, wọ́n gba ẹ̀gbẹ́ kejì lọ.

Níbo ni ìjọ wà? Iná Pẹ́ńtíkọ́ọ̀sì ti ń jó ní Chílè láti 1909, àwọn tálákà gan-an ló sì kún inú ìjọ náà. Síbẹ̀, ní December 1974, àwọn olórí ìjọ kan, àwọn Pẹ́ńtíkọ́ọ̀stà wà lára wọn, kéde pé àwọn ń bẹ lẹ́yìn ìjọba ológun. Lóṣù náà gan-an, ọ̀gágun Pinochet wá jókòó níbi ìyàsímímọ́ ilé ìsìn ńlá kan tí í ṣe ti Pẹ́ńtíkọ́ọ̀stà, nígbà tí àwọn ìyá ṣì ń wá ọmọ wọn kiri àgọ́ ológun. Àwọn tí ìjọba yẹn pa tàbí tí a kò rí mọ́ lé ní 3,000. A dúpẹ́ pé kì í ṣe gbogbo ìjọ ló dákẹ́: láti October 1973 ni àwọn Kátólíìkì, Lutheran, Mẹ́tọ́díìsì àti àwọn olórí Júù ti parapọ̀ láti ran ìdílé àwọn ẹlẹ́wọ̀n lọ́wọ́.

Ní 2023, lẹ́yìn 50 ọdún, ilé-ẹjọ́ gíga jùlọ fi ìdí ìdájọ́ múlẹ̀ lórí àwọn ológun tó pa Jara. Joan gbọ́ ọ kó tó kú ní oṣù kọkànlá ọdún náà.

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin akọrin, kí ni à ń kọ lórin? À ń kọrin ìṣẹ́gun, à ń kọrin ọlà, ó dára. Ta ló ń kọrin opó tí wọ́n lé kúrò nílé ọkọ? Ta ló ń gbàdúrà sókè fún òṣìṣẹ́ tí a kò sanwó rẹ̀, nígbà tí ẹni tó jẹ ẹ́ lówó jókòó ní àga iwájú? Òwe 31:8 pàṣẹ pé kí a la ẹnu wa fún ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Àwọn àgbà sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́.

Bí ẹ bá tún ń ka Àdúrà Olúwa lálẹ́ òní, ẹ dúró díẹ̀ níbi tí a ti ń bẹ Baba pé kí ìfẹ́ Rẹ̀ ṣẹ láyé. Ẹ bi ara yín pé: lára ta ni yóò ti kọ́kọ́ ṣẹ ládùúgbò wa, kí sì ni ipa tèmi níbẹ̀? Olúwa yóò fún wa ní ìgboyà. Àmín.