Ta Ló Ń San Owó Wàrà Tó Lé?

Láti ìgbà tí àjọ FDA ti Amẹ́ríkà ti fọwọ́ sí rBST, họ́mọ̀nù tí wọ́n ń gún fún màlúù kí wàrà rẹ̀ lè pọ̀ sí i, ní oṣù kọkànlá ọdún 1993, ìbéèrè kan ṣoṣo ló gba ẹnu ọ̀pọ̀ èèyàn: ṣé wàrà rẹ̀ kò ní ṣe wá ní nǹkan? Ìbéèrè gidi ni, ó sì ní ìdáhùn. Purotéènì ni họ́mọ̀nù yìí, ikùn wa a máa dà á bó ṣe ń da ẹran àti ẹyin. Kódà bó bá wọnú ẹ̀jẹ̀ èèyàn, ara wa kò ní gba iṣẹ́ tó bá rán an. Màlúù tí wọ́n ń gún lábẹ́rẹ́ ló yẹ kí ọ̀rọ̀ ká wa lára nípa rẹ̀, torí òun ló ń fi ara san owó wàrà tó lé, èyí sì tó ìdí láti kọ oògùn náà.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án tí màlúù ti bímọ, àgbẹ̀ á máa gún 500 mg sí abẹ́ awọ rẹ̀, nínú kòtò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí ìrù, ní ọjọ́ mẹ́rìnlá-mẹ́rìnlá, títí wàrà á fi gbẹ. Oògùn yẹn fúnra rẹ̀ kì í di wàrà. Ó kàn ń darí oúnjẹ inú ara gba ọ̀nà ọmú ni. Ṣúgà tí màlúù ń rí gbà tààrà láti inú koríko kò tó nǹkan; ẹ̀dọ̀ ló ń ṣe èyí tó pọ̀ jù, ọmú sì ń gba nǹkan bí gíráàmù 70 láti fi ṣe kìlógíráàmù wàrà kan. Họ́mọ̀nù yìí á mú kí ẹ̀dọ̀ ṣe ṣúgà sí i, á dín agbára ínsúlínì kù kí ọ̀rá má baà gbà nínú rẹ̀, bí oúnjẹ kò bá sì tó, á yọ́ ọ̀rá tí ẹran náà ti kó pamọ́. Ní ọ̀sẹ̀ díẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbímọ, wàrà tó ń jáde lára màlúù ti ju oúnjẹ tó ń jẹ lọ tẹ́lẹ̀: ọ̀rá lè kún ẹ̀dọ̀, ketone, èròjà tó ń wá látinú ọ̀rá tó ń yọ́, lè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹran náà á sì kọ oúnjẹ. Mo gbà pé bí wọ́n ṣe ń dúró di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án ń yẹ ewu yìí sílẹ̀. Ibòmíràn ni ìpalára ti ń yọjú.

Nígbà tí àwọn dókítà ẹran ní Kánádà kó ìwádìí jọ lórí rẹ̀, wọ́n rí i pé wàrà ń lé ní òótọ́: nǹkan bí 11% lára màlúù tó bí àkọ́bí, nǹkan bí 16% lára àwọn àgbà. Ṣùgbọ́n ewu kí ọmú wú fi nǹkan bí 25% ga sí i, ti ẹsẹ̀ títiro fi nǹkan bí ìdajì ga, oyún kò sì tètè dúró mọ́. Ọmú tó wú kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Á pọ́n, á gbóná, á le, omi tó ní ìdì kéékèèké á máa jáde dípò wàrà, bẹ́ẹ̀ ọwọ́ tàbí ẹ̀rọ kò ní yé kàn án lójoojúmọ́. Kánádà kọ oògùn náà ní oṣù kìíní ọdún 1999, Yúróòpù náà sì fòfin dè é pátápátá láti ọdún 2000. Kódà ìwé tó wà nínú páálí Posilac, orúkọ tí iléeṣẹ́ Monsanto fi ń tà á nígbà kan rí, kìlọ̀ pé ewu ọmú wíwú ga sí i.

Àwọn kan á ní ìwádìí ọdún 2014, tí Dale Bauman ti Yunifásítì Cornell wà lára àwọn tó kọ ọ́, kò rí irú ìpalára bẹ́ẹ̀. Wọ́n á tún ní màlúù yòówù tó bá ń fúnni ní wàrà púpọ̀ ni ọmú rẹ̀ ń wú, àti pé bí a bá ṣírò àìsàn náà lórí lítà kọ̀ọ̀kan, ìyàtọ̀ rẹ̀ kéré. Àwọn onímọ̀ ò tíì fẹnu kò lórí iye náà, mi ò sì ní ṣe bí ẹni pé wọ́n ti fẹnu kò. Àmọ́ màlúù kì í jẹ ìrora ní lítà-lítà. Ara kan ṣoṣo ló ní, bí ọmú rẹ̀ bá sì wú, wàrà tó pọ̀ nínú táǹkì kò dín ìrora rẹ̀ kù.

Àríyànjiyàn tó lágbára jù ni ti ilẹ̀ àti afẹ́fẹ́: bí màlúù kan bá ń ṣe wàrà púpọ̀, màlúù díẹ̀ la máa sìn, oúnjẹ ẹran àti gáàsì mẹ́tééènì á sì dín kù. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló ń mú wàrà pọ̀. Ní Netherlands àti Denmark, níbi tí òfin ti dí oògùn yìí mọ́ àgbẹ̀, màlúù kan ń ṣe ju 8,000 kìlógíráàmù wàrà lọ lọ́dún, torí ìran tó dára, oúnjẹ tó péye àti ìtọ́jú tó yẹ. Amẹ́ríkà fúnra rẹ̀ kò sì ṣaláìní wàrà kí oògùn náà tó dé: ní ọdún 1986, wàrà pọ̀ débi pé ìjọba sanwó fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún àgbẹ̀ kí wọ́n lè kó agbo màlúù wọn lọ fún pípa. Àìní kankan kò sí tó lè mú kéèyàn di ẹrù sí i lé màlúù lórí.

Nàìjíríà tó ń wá bí wàrà abẹ́lé ṣe máa pọ̀ kò gbọdọ̀ fi ojú fo èyí. Màlúù funfun Fúlàní tó ń jẹko káàkiri Òkè-Ògùn máa ń rù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kò sì ní ọ̀rá tí họ́mọ̀nù kankan máa yọ́. Koríko tí a gbìn, omi tó wà nítòsí láàárọ̀ àti lálẹ́, àti dókítà ẹran tó ṣeé pè ni owó ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bá lọ.