Ìwé Ilẹ̀ Tó Ní Eyín

Lẹ́tà tó dé ojú ìwé yìí lọ́sẹ̀ tó kọjá kò kéré, àmọ́ ọ̀kan ló gbà mí lọ́kàn jù. Ìyá aláṣọ kan ló ní kí ọmọ òun bá òun kọ ọ́. Bàbá wọn fi ìwé ilẹ̀ kan sílẹ̀ nínú àpótí kó tó kú, ohun tí wọ́n sì kọ gàdàgbà sókè rẹ̀ ni "This Indenture". Àwọn ẹ̀gbọ́n ìyá yìí fẹ́ fi ilẹ̀ náà yá owó. Olówó ti gbé ìwé tirẹ̀ wá, "mortgage" ló wà lórí ìyẹn. Ìyá ní kí n túmọ̀ ọ̀rọ̀ méjèèjì kí àwọn tó tẹ ìka.

Ìyá mi, ẹ ṣeun tí ẹ kọ́kọ́ béèrè.

Ẹ jẹ́ ká mú indenture ná. Eyín ló wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Inú èdè Látìn ló ti wá, ibẹ̀ náà sì ni Òyìnbó ti rí orúkọ tí wọ́n ń pe dókítà tó ń yọ eyín. Láyé àtijọ́ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ẹni méjì bá fẹ́ ṣe àdéhùn, akọ̀wé á kọ àdéhùn náà lẹ́ẹ̀mejì sórí awọ ẹran kan ṣoṣo, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Á wá fi ọ̀bẹ là á láàárín. Kò ní gé e gún o, ṣégeṣège ni yóò gé e, bí eyín ayùn. Kálukú á mú ìlàjì tirẹ̀ lọ sílé. Bí ìjà bá dé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, wọ́n á ní kí wọ́n gbé méjèèjì wá. Bí eyín bá wọ inú eyín, òótọ́ ni. Bí kò bá wọ̀ ọ́, ayédèrú ni, ẹni tó gbé e wá ti dáràn.

Ẹ̀yin kápẹ́ńtà, ẹ̀yin tí ẹ mọ bí igi ṣe ń wọnú igi, ṣé ẹ rí ọgbọ́n? Wọn ò gé ìwé báyẹn mọ́, orúkọ ló ṣẹ́ kù. Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní 1861, òfin wọn bá wọn wọlé, ọ̀rọ̀ náà sì jókòó sórí ìwé ilẹ̀ wa.

Indenture náà ni ọmọ ìkọ́ṣẹ́ máa ń tẹ̀ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Òfin tí wọ́n ṣe ní 1563 sọ pé ọmọ kò gbọ́dọ̀ kọ́ṣẹ́ dín ní ọdún 7, ó di 1814 kí wọ́n tó yọ ọ́ kúrò. Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọmọ tó bá kọ́ṣẹ́ parí, tí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ sì gbà á, wọ́n á ní ó ti gba "freedom". Ó lè dá ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ sílẹ̀ nìyẹn. Ẹ ti ń rẹ́rìn-ín, àbí? Fírídọ̀ọ̀mù tí àwọn télọ̀ àti mẹkáníìkì wa ń ṣe, tí wọ́n ń se ìrẹsì, tí wọ́n ń ya fọ́tò pẹ̀lú ọ̀gá, òun náà ni. Bí ẹ bá sọ fún ọ̀dọ́ Òyìnbó lónìí pé ẹ ń lọ jẹun níbi fírídọ̀ọ̀mù, á rò pé ẹnì kan ló jáde lẹ́wọ̀n. Ọ̀rọ̀ ti gbó lọ́dọ̀ wọn, ó ṣì ń jó lọ́dọ̀ wa.

Ó yá, mortgage. Ibí gan-an ni kí ìyá ti fetí sílẹ̀. Ní 1066, William ará Normandy ṣẹ́gun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èdè Faransé tí òun àtàwọn èèyàn rẹ̀ ń sọ sì wọ kóòtù. "Mort" ni òkú, "gage" ni ohun ìdúró. Ohun ìdúró tó ti kú! Kí ló pa á? Ìwé òfin kan tí wọ́n ń pè ní Glanvill, tí wọ́n kọ ní nǹkan bí 1188, ṣàlàyé rẹ̀: bí ẹnì kan bá fi oko dúró, tí olówó ń jẹ èrè oko, tí gbèsè náà kò sì fi kọ́bọ̀ kan dín, òkú ni.

Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ ò ti mọ ibi tí mò ń lọ? Ìwọ̀fà ni. Iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe lóko olówó, èlé ni gbogbo rẹ̀, owó gan-an dúró síbẹ̀ gbagidi títí wọ́n á fi san án. Bẹ́ẹ̀ náà ni oko kòkó tí wọ́n bá fi dúró, olówó á máa ká a lọ́dọọdún. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní òkú, a ti bá a gbélé pẹ́.

Adájọ́ kan, Edward Coke, tó kú ní 1634, túmọ̀ rẹ̀ lọ́nà mìíràn. Ó ní bí onígbèsè kò bá san owó lọ́jọ́ tí wọ́n dá, ilẹ̀ náà kú mọ́ ọn lọ́wọ́. Bó bá sì san án, ó kú mọ́ olówó lọ́wọ́. Mortgage òde òní kò rí bíi ti Glanvill mọ́, báńkì kì í wá ká kòkó ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ Coke ṣì ń jà: bí owó kò bá wọlé, wọ́n lè ta ilẹ̀ náà. Torí náà, ìyá, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n dá, ẹ béèrè iye èlé, ẹ béèrè ta ni yóò máa san án. Bó bá jẹ́ ilẹ̀ ẹbí ni, olórí ẹbí àtàwọn àgbà ẹbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i, ẹ̀yin náà sì ní ìpín níbẹ̀ bí ẹ tilẹ̀ jẹ́ obìnrin.

Kí ojú má sì tì yín pé ẹ ò gbọ́ èdè inú ìwé. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kò gbọ́ ọ fún ìgbà pípẹ́! Ní 1362 ni òfin wọn tó ní kí wọ́n máa fi èdè Gẹ̀ẹ́sì rojọ́ ní kóòtù, torí pé ará ìlú kò mọ ohun tí wọ́n ń sọ lé òun lórí. Síbẹ̀, Látìn ni wọ́n ṣì fi ń kọ àkọsílẹ̀ ẹjọ́, ó di 1733 kó tó kásẹ̀ nílẹ̀. Ìdàrúdàpọ̀ èdè yẹn ló fà á tí lọ́yà fi ń so ọ̀rọ̀ pọ̀ ní méjì-méjì, bíi "goods and chattels". Chattel yẹn àti "cattle", màlúù, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ẹrù ilé yín ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ o, kì í ṣe màlúù.

Òfin kan wà ní àwọn ìpínlẹ̀ wa tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé. Ẹni tó bá bá a kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ yékéyéké, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sórí rẹ̀. Bí ẹni tó bá yín kọ̀wé kò bá kọ orúkọ tirẹ̀ síbẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́ kí ìka yín tó kan yíǹkì.

Bàbá fọgaláísà tó béèrè ọ̀rọ̀ lórí affidavit, ẹ má bínú, àyè ò gbà á mọ́. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni tiyín.