Èéfín táyà níbi ìpẹran: kì í ṣe ẹni tó ń jẹ pọ̀nmọ́ nìkan ló wà nínú ewu

Tí wọ́n bá ti dárúkọ fífi táyà jó irun awọ màlúù, ohun tí gbogbo wa máa ń béèrè ni pé: ṣé pọ̀nmọ́ yìí ṣì ṣeé jẹ? Ìbéèrè gidi ni. Àmọ́ ẹni tó dúró ti iná yẹn láti ìdájí ńkọ́? Àwọn tílé wọn wà nítòsí ńkọ́?

Rọ́bà inú táyà kì í jóná tán. Ìdí nìyẹn tí èéfín ẹ̀ fi máa ń dúdú kirikiri. Inú èéfín yẹn làwọn èròjà táwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ń pè ní PAH wà. Wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ eruku tó kéré débi pé ojú ò lè rí i. Imú ò lè dá a dúró, ìsàlẹ̀ ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. Ọ̀kan nínú wọn ni benzo[a]pyrene. Ẹ̀ka tó ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ ní Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ti kà á mọ́ ohun tó dájú pé ó ń fa jẹjẹrẹ fún èèyàn.

Ká kàn máa lé àwọn tó ń jó awọ kiri ò lè yanjú ẹ̀. Táyà àlòkù ò wọ́n, gáàsì ló wọ́n. Ẹni tí wọ́n lé lónìí, ẹ̀yìn ilé ló máa lọ dáná lọ́la. Ṣebí ìjọba ń gbowó níbi ìpẹran? Kí wọ́n yọ díẹ̀ níbẹ̀, kí wọ́n fi ra iná gáàsì tí gbogbo wọn á jọ máa lò, kí òfin tó tẹ̀ lé e.

Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, owó tí wọ́n ń rò pé àwọn ń ṣọ́ lórí gáàsì, ilé ìwòsàn làwọn aládùúgbò á ti san án.