Olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń kẹ́rù kúrò: Ẹ̀yin oníṣòwò Mowe, Ibafo àti Ifọ, ẹ tètè wá nǹkan ṣe

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ibi tí owó wà ní Mowe ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé, kó wo ibi tí wọ́n gbé pátákó dúdú sí lẹ́bàá títì, tí wọ́n fi ṣọ́ọ̀kì kọ Arsenal àti Chelsea sí lára. Àwọn ọ̀dọ́ ló kún inú ibẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ní ìta, ìyá tó ń dín pọfupọ́ọ̀fù, ọmọ tó ń ta omi inú ọ̀rá àti onísúyà ń pa owó tiwọn. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí ní Ibafo àti Ifọ. Ohun tí mo fẹ́ bá ẹ̀yin tí ẹ ń jẹun níbẹ̀ sọ ni pé oníbàárà yín yìí ti kó kúrò níbì kan rí, ó sì tún ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ báyìí.

Nígbà tí àwọn bàbá wa wà lọ́dọ̀ọ́, pápá ìṣeré gan-an ni wọ́n ń lọ. Ọdún 1960 ni wọ́n ṣí pápá Liberty n'Ìbàdàn. Nígbà tí Shooting Stars gba ife ẹ̀yẹ Áfíríkà lọ́dún 1976, tí Nàìjíríà sì na Algeria ní 3-0 ní Sùúrùlérè lọ́jọ́ 22 oṣù Kẹta ọdún 1980, owó ẹnu ọ̀nà, owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ, ilé níbí ni gbogbo rẹ̀ wà.

Nígbà tí díìṣì dé, àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù kọjú sí líìgì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé ìwòran bọ́ọ̀lù sì di òwò. Ṣùgbọ́n òwò tí ọ̀pá rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Lọ́dún 2007, HiTV gba ẹ̀tọ́ láti máa fi líìgì náà hàn. Lọ́dún 2010, ó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó padà sọ́dọ̀ DStv. Àwọn tó ti fowó ra ẹ̀rọ HiTV tún ní láti lọ ra òmíràn kí oníbàárà má baà sá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò owó díẹ̀. Lẹ́yìn tí DStv fowó kún un ní oṣù Kẹrin ọdún 2015, ₦13,980 ni ètò Premium lóṣù. Ní oṣù Kẹta ọdún 2025, ó di ₦44,500. Epo bẹntiróòlù náà tún gbówó lórí láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí rẹ̀ ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023. Ká ní ọgọ́ta ènìyàn san ₦300 fún eré kan, ₦18,000 nìyẹn. Eré mẹ́ta bẹ́ẹ̀ jẹ́ ₦54,000. Ẹ yọ ₦44,500 kúrò, ₦9,500 ló kù tí ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀ sí í ra epo jẹnẹrétọ̀, kẹ́ ẹ tó san owó ilé. Ẹni tó bá gbójú lé owó ẹnu ọ̀nà nìkan, ó ń tan ara rẹ̀ ni.

Ibi tí oníbàárà tún ń kó lọ báyìí ni orí fóònù. Ibẹ̀ ló ti ń rí góòlù, ibẹ̀ náà ló sì ti ń ta tẹ́tẹ́. Láti ìgbà tí Bet9ja ti bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2013, owó tí ọ̀dọ́ ì bá fi ra súyà, ó lè ti bá tẹ́tẹ́ lọ kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Kí ni fóònù kò lè fún un? Èrò ni. Ariwo, àríyànjiyàn àti yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn eré kò sí nínú fóònù. Ohun tí ẹ ń tà gan-an nìyẹn. Nítorí náà, ẹ tún ìjókòó ṣe, ẹ wá ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tó mọ́, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé ta tẹ́tẹ́ lọ́dọ̀ yín. Ẹ wo òkè yín pẹ̀lú. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2017, wáyà iná ńlá já lu ilé ìwòran kan ní Calabar níbi tí wọ́n ti ń wo Manchester United, ẹ̀mí sì ṣòfò. Owó ilé tó rọ̀ lábẹ́ wáyà iná kì í ṣe àǹfààní rárá.

Ẹ̀yin tí ẹ ń tajà lẹ́nu ọ̀nà, ẹ bá onílé ìwòran dá àjọ. Bí iná oòrùn bá rọ́pò jẹnẹrétọ̀, gbogbo yín lẹ máa jèrè, nítorí bí iná bá lọ nígbà eré, pọfupọ́ọ̀fù náà kò ní tà.

Ẹ má sì gbàgbé ilé. Kunle Soname tó wà lára àwọn tó dá Bet9ja sílẹ̀ náà ló ni Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́, tó gba líìgì Nàìjíríà fún ìgbà àkọ́kọ́ lọ́dún 2025. Ẹni tó gba Ṣàgámù láti Mowe, kò jìnnà sí Ìkẹ́nnẹ́. Ilé ìwòran tó bá kó oníbàárà rẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì lọ wo eré níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tó gba owó ọkọ̀ àti owó oúnjẹ lọ́wọ́ wọn, yóò rí èrè tí kò sí lọ́wọ́ ẹni tó ni díìṣì.

Bí ìlù bá yí padà, ijó náà á yí padà. Ìlù ti yí o. Ẹ má dúró dìgbà tí bẹ́ǹṣì bá ṣófo.