Inú Nìkan Kò Tó Ẹlẹ́rìí

Inú ẹni lorúkọ tí a ó sọ ọmọ ẹni ń gbé. Òwe yìí làwọn kan gbá mú lóde òní, tí wọ́n fi ń sọ pé ohun tó wà nínú ènìyàn nìkan ni ẹni náà, pé ará ilé àti ará àdúgbò kò lọ́rọ̀ sọ sí i. “Èmi ni mo mọ ara mi.” Wọn kì í fẹ́ rántí òwe kejì, pé ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Èmi ò jiyàn pé inú wà. Àwọn baba wa tó ń bọ orí mọ̀ dájú pé orí òde tí à ń dé fìlà sí kọ́ ni wọ́n ń bọ, orí inú ni. Ohun tí n kò gbà ni pé inú nìkan ni ẹlẹ́rìí.

John Locke, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, kọ ọ́ ní 1694 pé ìrántí ló ń sọ ẹni àná di ẹni òní. Ẹ jẹ́ ká fi ìtàn Àjàyí, ẹni tí a wá mọ̀ sí Samuel Crowther, wò ó.

Ní 1821 logun kó ìlú Òṣogùn, tí wọ́n sì kó Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi ọmọ náà pààrọ̀ ẹṣin. Ọkọ̀ àwọn Pọtogí gbé e kúrò l'Ékòó ní 1822, ọmọ ogun ojú omi Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n gbé e lọ sí Freetown. Ní 1825, wọ́n rì í bọmi, ó di Samuel Crowther. Aṣọ yí padà, ẹ̀sìn yí padà, orúkọ yí padà.

Ní oṣù kẹjọ 1846, nígbà tó ti padà sílẹ̀ Yorùbá, ìyá rẹ̀ wá a wá sí Abẹ́òkúta. Ara ìyá ń gbọ̀n, kò gba ojú ara rẹ̀ gbọ́. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ara wọn, ẹnu kò gba ọ̀rọ̀. Ìgbà tí ẹnu ìyá máa là, àwọn orúkọ tí ìyá àgbà fi ń kẹ́ ọmọ náà ló ń pè. Ìyá àgbà tó ti kú sóko ẹrú. Ta ló tọ́jú orúkọ wọ̀nyẹn fún nǹkan bí ọdún 25? Kì í ṣe Crowther nìkan. Àjàyí gan-an ńkọ́? Àmútọ̀runwá ni, ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé là ń sọ ọ́. Ta ló rántí bí òun ṣe wáyé? Ẹni tó gbẹ̀bí ló mọ̀ ọ́n. Ìrántí Locke kò dé ibẹ̀.

Àmọ́ iyàn kan ṣì kù, kò sì kéré. Bí ẹlòmíràn bá lè jẹ́rìí irú ẹni tí mo jẹ́, ẹni tó fi ọmọ pààrọ̀ ẹṣin ńkọ́? Ṣebí òun náà ní ohun tó ka ọmọ ọ̀hún sí. Ibí yìí ni inú ti ń ṣiṣẹ́ ọkùnrin: òun ló ń kọ̀ fún ẹni tó pè wá ní ohun tí a kì í ṣe, òun náà ló ń dá ẹni tó mọ̀ wá lóhùn. Ẹ̀rí olówò ẹrú àti ẹ̀rí ìyá kò lè dọ́gba láé. Ẹni a bá gbé là ń mọ ìwà rẹ̀.

Nítorí náà, ìwọ tó o ní o fẹ́ mọ ara rẹ, má tilẹ̀kùn mọ́rí. Bí ìyá rẹ bá wà láyé, tàbí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ, tètè lọ bi wọ́n léèrè oríkì tí wọ́n fi ń rẹ̀ ọ́ lẹ́kún.