Sípíkà àárín tí kò bá ti iwájú mu, owó ló ń fi ṣòfò

Ilé sinimá tó fún Pen Cinema ní Agége lórúkọ ti di ìtàn, àmọ́ òwò ká gba owó lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ wo fíìmù tàbí bọ́ọ̀lù kò tíì kúrò ládùúgbò náà. Láti Ọ̀rílé Agége dé Ògbà, títí wọ Ọba Akran ní Ìkẹjà, ilé ìwòran, ilé ọtí àti gbọ̀ngàn kéékèèké wà káàkiri, níbi táwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ti ń sinmi bí wọ́n bá ṣíwọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ni wọ́n ti ní sípíkà ńlá méjì tó dára. Èyí tí wọ́n ń wá ni ẹ̀kẹta, tí wọ́n máa gbé sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n kí ọ̀rọ̀ lè máa dún ketekete. Ibẹ̀ gan-an lowó ti ń bọ́ sọnù.

Oníṣòwò á wọ Computer Village, tàbí kó forí lé ọjà Àlàbá, á ní sípíkà àárín lòun fẹ́. Ohun tẹ́ni tó ń tà á máa kọ́kọ́ béèrè ni iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú ni pé irú èwo ló ti wà nílẹ̀?

Sípíkà àárín ló ń gbé èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀ ẹnu òṣèré. Bí ohùn rẹ̀ bá yàtọ̀ sí tàwọn méjì yòókù, òṣèré á máa rìn láti apá òsì bọ̀ lápá ọ̀tún, bó bá dé àárín, ohùn rẹ̀ á yí padà bíi pé ẹlòmíì ló gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn onílù dùndún mọ̀ ọ́n dáadáa: kí wọ́n tó bọ́ sóde àríyá, wọ́n á ti mú ohùn ìlù wọn bára mu.

Àwọn kan máa ń sọ pé kò pọn dandan, pé sípíkà méjì ti tó. Nínú yàrá ilé tẹ́nì kan ti jókòó sáàárín, òótọ́ ni wọ́n sọ. Nílé ìwòran tí ogójì èèyàn wà lórí bẹ́ǹṣì ńkọ́? Ẹni tó jókòó ti sípíkà òsì, òsì nìkan ni yóò ti máa gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní April 27, 1933, Harvey Fletcher àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Bell Labs l'Ámẹ́ríkà gbé orin láti Philadelphia dé Washington lójú ẹsẹ̀, ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n sì fi gbé e: òsì, àárín àti ọ̀tún.

Nítorí náà, ẹni tó ń fi í jẹun nílò rẹ̀, ṣùgbọ́n kó jẹ́ ọmọ ìyá àwọn tó wà nílẹ̀: ilé-iṣẹ́ kan náà, ọ̀wọ́ kan náà. Bí twítà iwájú bá jẹ́ aṣọ sílíkì, kí tàárín má ṣe jẹ́ onírin. Kó yẹ nọ́ńbà ẹ̀yìn rẹ̀ wò pẹ̀lú. Bí tiwájú bá jẹ́ 90 dB, tí tàárín sì jẹ́ 87 dB, agbára ìlọ́po méjì ni ampilifáyà máa lò kí tàárín tó ké dọ́gba. Bí wọ́n bá wá tì í ju agbára rẹ̀ lọ, twítà á jóná. Bí ampilifáyà bá sì jẹ́ ti 8 ohm, sípíkà 4 ohm lè mú un gbóná títí táá fi kú lójú eré.

Ohun kan tún wà táwọn ọlọ́jà kì í fẹ́ sọ. Sípíkà àárín gbọọrọ tí wọ́n ń dá dùbúlẹ̀, tó ní wúfà méjì pẹ̀lú twítà láàárín, kì í sábà dún dáadáa sétí ẹni tó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́, torí ohùn wúfà méjèèjì kì í dé etí rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n á máa pa ara wọn. Ní gbọ̀ngàn tó fẹ̀, ẹ̀kẹta irú tiwájú gan-an, tó dúró lóòró, ló dára jù. Lóòótọ́, méjì-méjì ni wọ́n ń tà wọ́n. Kó wá tokunbo, kó ra méjèèjì, kó tọ́jú ọ̀kan de ọjọ́ tí ọ̀kan bá bàjẹ́.

Bí kò bá rí èyí tó bá a mu, kó ní sùúrù. Kó sọ fún ampilifáyà pé kò sí sípíkà àárín, ọ̀rọ̀ á pín sáwọn méjì iwájú. Ìyẹn sàn ju àjèjì ohùn lọ. Máíkì kékeré tó ń bá ampilifáyà mìíràn wá lè mú kí wọ́n ké dọ́gba, ṣùgbọ́n kò lè sọ irin di sílíkì.

Ọjọ́ tó bá ń lọ sọ́jà, kó gbé ọ̀kan nínú sípíkà tirẹ̀ dání. Kí wọ́n fi ohùn ẹni tó ń ka ìròyìn sí i, lẹ́yìn náà kí wọ́n gbé e sórí èyí tó fẹ́ rà, kó di ojú rẹ̀, kó gbọ́. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ láti so méjèèjì pọ̀ kówó tó jáde, ṣọ́ọ̀bù mìíràn wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní òpópónà Òtígbà.