Ẹ̀yin oníṣẹ́ tatú, ẹ fi volt olóhun sílẹ̀ fún un

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló sọ fún yín pé ẹ̀rọ tó wọ́n jù ló máa jẹ́ kọ́wọ́ yín mọ́? 🧵

Fídíò tatú ni mo ń ṣe, ìbéèrè kan náà ló kún inbox mi: "Sis, volt mélòó ni kí n fi sí?" Lórí ẹ̀rọ wo? Ọwọ́ ta ló fẹ́ dì í mú?

Stroke lẹ ò bi mí, ìyẹn bí abẹ́rẹ́ ṣe ń jìnnà tó tó bá ń lọ tó ń bọ̀. Shading fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́? 3mm tàbí kó dín. Ìlà gbọọrọ pẹ̀lú abẹ́rẹ́ tó pọ̀ lójú kan? 4mm sókè. Ẹni tówó ẹ̀ ò ká ju ẹ̀rọ kan lọ, kó mú 3.5mm, kó máa lọ.

Volt ò ju eré tí abẹ́rẹ́ ń sá lọ. Tọ́wọ́ ẹ bá ń sáré tí ẹ̀rọ ń lọ jẹ́jẹ́, ìlà ò ní so pọ̀, àmì róbótó róbótó lo máa rí. Tí ẹ̀rọ bá ń sáré tọ́wọ́ ẹ ń wọ́, o ti ń họ ẹran ọmọ ọlọ́mọ nìyẹn! Ara dúdú tiwa yìí, kẹ́lọ́ìdì máa ń tètè yọ níbẹ̀, kò sì sí filter tó lè bò ó.

(Ẹ yé pe rotary ní ohun tuntun, jàre. Rotary ni ẹ̀rọ tí Samuel O'Reilly gba patent ẹ̀ ní New York lọ́dún 1891, ara péènì oníná Edison ló ti mú un.)

Bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀ lórí awọ ìdánrawò, gbé volt sókè díẹ̀díẹ̀ títí ìlà á fi so pọ̀ ní ìwọ̀n eré ọwọ́ ẹ. Kọ nọ́ńbà yẹn sílẹ̀. Má fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.